Èèpo Ẹ̀wà fún Abíyamọ Àgùntàn

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Reuben Akínkìtán, kò sì tíì ní abo àgùntàn kan rí tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti orí dé ìrù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò mọ ẹran sìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi tọ́jú ẹran oko ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Oǹdó. Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ń wá, wọ́n ń lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn kò lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo àfi bí ẹran náà bá yí ìdí sí wọn. Reuben ni ó ń gbẹ̀bí fún àgùntàn. Òun ni ó ń gé pátákò wọn. Òun ni ó ń gbóòórùn ẹnu wọn, tí yóò sì sọ pé àìsàn ń bọ̀, kí àìsàn náà tó dé. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan àti ìwé ìdúpẹ́ tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Aago náà kò ṣiṣẹ́ ju oṣù kan lọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń sin ẹran ẹlẹ́ran ní ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Odòjọmu. Àṣà tí ó ń tẹ̀ lé kì í ṣe tuntun. Ẹni tí ó ní abo àgùntàn tí kò ní àyè yóò gbé e fún ẹni tí ó ní àyè. Ọmọ àkọ́kọ́ tí abo náà bá bí, ti ẹlẹ́ran ni. Èkejì, ti ẹni tí ń sìn ín ni. Ẹ̀kẹta, ti ẹlẹ́ran. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ó bá bí ìbejì, wọn yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ń sìn ín ni yóò sì kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó gbẹ̀bí. A kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Wọn á sọ ọ́ lójú àgbàlagbà kan, ọ̀rọ̀ tán.

Àbùkù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ fún Reuben: akọ ni gbogbo ọmọ tí ó ti ń kàn án. Akọ kì í bímọ. Akọ a máa bá ọdún Iléyá lọ, tàbí kí ó bá orùlé tí ń jò lọ, kí ẹni tí ó sìn ín sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Abo ni Reuben ń wá. Bí abo kan péré bá jẹ́ tirẹ̀, yóò bímọ, ọmọ rẹ̀ yóò bímọ, Reuben yóò sì jókòó láàárín agbo tirẹ̀ kí ó tó kú. Kò tọrọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àgùntàn mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Bọ́láwálé ni. Ọmọ àbúrò bàbá Reuben ni Bọ́láwálé. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí i, ó sì jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, funfun tí ó ní àmì dúdú yí ojú ká, bí ìbejì: akọ kan, abo kan. Reuben nu abo náà gbẹ, ó gbé e sí itan, ó wò ó títí. Ó tẹ Bọ́láwálé láago ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

"Olójúdúdú ti bí ìbejì. Mo ti mú abo."

"Ẹ kú ewu ọmọ, Bùrọ̀dá," ni Bọ́láwálé wí. "Kò burú. Tiyín ni."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tiyín ni. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́.

Abíyamọ àgùntàn tí ó ń fún ọmọ méjì lọ́mú kì í ṣe ẹran tí a lè so mọ́ ìdí igi kí a sì lọ sùn. Koríko ìgbà òjò a máa dùn ún wò, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹran náà kò bá rí èròjà amúaradàgbà jẹ, ẹran ara rẹ̀ ni yóò máa yọ́ di wàrà. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yọ, ọmú yóò gbẹ, ọ̀kan nínú ìbejì yóò sì kú. Ohun tí wọ́n ń fún wọn ní oko ilé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́ ni kúlíkúlí àti sóyà. Lóde òní, sóyà ti di oúnjẹ ọlọ́rọ̀, ènìyàn ni ó sì ń jẹ kúlíkúlí tán kí ó tó kan ẹran.

Reuben kò torí èyí káwọ́ lérí. Ní ẹ̀bá ilé rẹ̀, Ìyá Àánú ń ṣe mọ́ínmọ́ín fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń rẹ ẹ̀wà, tí ó ń bó o, tí ó sì ń da èèpo rẹ̀ sí ojú àgbàrá. Ìwà òmùgọ̀ gbogbo ìlú nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo ẹni tí ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ń da oúnjẹ ẹran sí gọ́tà, àwọn ẹlẹ́ran sì ń sunkún pé kò sí oúnjẹ.

"Bàbá Stephen, ẹ ti dé nìyẹn," ni Ìyá Àánú a máa wí fún Reuben. "Ṣé àgùntàn yín fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó ni, tí ó fi ń rán yín sí mi ní àràárọ̀?"

"Abo ni. Èèpo ni ó ní kí n wá gbà."

"Ẹ sọ fún un pé kí ó fi ọmọ kan ta mí lọ́rẹ."

"Èmi tí mo ti ń dúró de ọmọ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Tò sí ẹ̀yìn mi."

Ọ̀nà tí Reuben ń gbà ṣe é kò le, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà. Kò gbọdọ̀ kó èèpo tútù jọ gegere, nítorí yóò gbóná, yóò bu, èébu yóò sì pa ẹran. Ó ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀rá dúdú ńlá, ó ń yí i padà ní wákàtí méjì-méjì títí yóò fi gbẹ ṣákáṣáká. Ó ń gé ewé agúnmániyè tí ó ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kì í gbé e fún ẹran ní ọjọ́ tí ó bá gé e. Ó ń fi í sílẹ̀ kí ó rọ di ọjọ́ kejì, nítorí òórùn rẹ̀ tútù a máa lé àgùntàn sẹ́yìn. Ó tún ń bu ìyókù ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀ sí i, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, ọmú Olójúdúdú kún bí igbá, ìbejì sì ń ta pọ́nún-pọ́nún kiri àgbàlá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Bọ́láwálé dé.

Ìsìnkú kan ni ó bá wá sí Oǹdó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ibi iṣẹ́. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n tẹ ẹrẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé. Èèpo ẹ̀wà tí Reuben ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wà lórí ọ̀rá, tútù, eṣinṣin sì ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, Olójúdúdú sì ń jẹ èyí tí ó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, kí ni eléyìí?"

"Èèpo ẹ̀wà."

"Mo rí i pé èèpo ẹ̀wà ni. Kí ni ó ń ṣe lẹ́nu àgùntàn mi?"

"Ó ń di wàrà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Bọ́láwálé kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí wọn bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. "Ẹ kúkú wo ohun tí ojú mi rí. Ènìyàn á gbé ẹran fún ẹbí sìn, ẹbí á sọ ọ́ di ajẹ̀dọ̀tí. Ohun tí àwọn obìnrin dà sí gọ́tà ni ẹ ń ṣà fún àgùntàn èmi Bọ́láwálé!"

Níbí yìí ni ó yẹ kí Reuben ti dákẹ́. Kò dákẹ́. "Wọ́n dà á nù lóòótọ́, ìyẹn kò sọ ọ́ di ìdọ̀tí," ni ó wí. "Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n lé ọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó, tí bàbá rẹ ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ta ni ó ṣà ọ́?"

Òótọ́ ni ó sọ. Owó oṣù Reuben ni Bọ́láwálé fi parí ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a sọ lójú àlejò a máa gún ju ọ̀bẹ lọ, ojú Bọ́láwálé sì le koko.

"Ẹ bá mi di í sínú ọkọ̀," ni ó wí. "Òun àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Mo ní oúnjẹ gidi nílé. Ó kù sílẹ̀ lára ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi tí àìsàn pa lọ́dún tó kọjá. Àpò mẹ́fà ni, amúaradàgbà pọ́ńbélé."

"Oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀? Bọ́láwálé, ikùn ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ikùn àgùntàn. Àgùntàn ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Ó wà nínú Bíbélì tí ò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Amúaradàgbà ni amúaradàgbà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ara àpò, èmi sì lè kà á."

"Ọmọ tèmi ńkọ́?"

"Yóò tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Bí ó bá já ọmú, ẹ wá mú un."

Wọ́n gbé wọn lọ. Ó fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀, nítorí kò sí àyè nínú ọkọ̀, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Pupa sì ti lóyún tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé gbé.

Bí Reuben ṣe lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó tẹ̀ lé e kò yẹ fún àgbàlagbà. Ó ń jí pẹ̀lú ìbínú, ó ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń yí èèpo ẹ̀wà padà lórí ọ̀rá, ẹnu rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́: "Èmi lè kà á! Èmi lè kà á!" Ìyá Àánú bi í léèrè pé ta ni ó ń bá wí, ó ní eṣinṣin ni. Pupa bí ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akọ, ọmú rẹ̀ sì kún ju ohun tí ọmọ kan lè mu tán lọ. Ẹ̀rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi í hàn?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó Bọ́láwálé tẹ̀ ẹ́ láago. Olúwakẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yára sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ìyá ìbejì kò dìde láti àná. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi kòkó."

Ní wákàtí náà ni Reuben jáde nílé. Ó wọ takisí ní gáréèjì, ó gúnlẹ̀ sí Àkúrẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ojúlé Bọ́láwálé ní ọ̀nà Ọ̀dà. Olójúdúdú wà nílẹ̀ nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ náà. Reuben kúnlẹ̀, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo. Ó la ẹnu rẹ̀: èrìgì náà rí bẹ́ẹ̀. Ìbejì dúró tì í, egungun wọn yọ, abo náà ń fi imú ti ọmú tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́.

Dókítà ẹran ti wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Ìbùkún. Ó ń fọ ọwọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Kí ni ẹ ti ń fún un jẹ?" ni ó bèèrè.

Kí Reuben tó lanu, Bọ́láwálé ti dáhùn. "Dókítà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ó ti wá láti Oǹdó. Èèpo ẹ̀wà tí ó ti rà àti ewé kéwé ni wọ́n ń fún un níbẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni májèlé náà ti wọ̀ ọ́ lára."

Reuben gbọ́ ọ. Ó dìde láti orí eékún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń gbé ẹrù. "Bọ́láwálé, májèlé?" ni ó wí. "Èmi? Níbo ni àpò rẹ wà? Gbé e wá. Ìwọ tí o lè kàwé, gbé e wá kí o kà á!"

"Bùrọ̀dá, ẹ má pariwo nínú ilé mi."

"N óò pariwo! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dákẹ́ fún àwọn tí ó kàwé!"

Ìbùkún ni ó lọ fa àpò náà jáde láti igun. Ó wà ní ìlàjì. Àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó tóbi tó orí ọmọdé. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó ń fi ìka tọ ìlà kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni oúnjẹ yìí wà fún. Wọ́n fi èròjà bàbà sí i. Ẹ má ṣe fún àgùntàn." Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá, bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná ni mò ń sọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára fún ẹlẹ́dẹ̀. Àgùntàn kò lè gbé e jáde kúrò lára. Inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń kó o jọ sí, lójoojúmọ́, láìsí àmì kankan. Ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ kò bá gbà á mọ́, ó tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ ń wò nìyí. Kì í ṣe èèpo ẹ̀wà. Bí èèpo bá gbẹ dáadáa, kò sí oúnjẹ tí ó dára jù ú lọ fún abíyamọ ní àdúgbò wa yìí."

"Ṣé kò ní yè ni?" ni Olúwakẹ́mi bèèrè.

Ìbùkún mi orí. Kí oòrùn tó kúrò ní àárín ọ̀run, Olójúdúdú kú.

Bí Bọ́láwálé bá ti tọrọ àforíjì ní wákàtí yẹn, ìtàn yìí ìbá kúrú. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà a máa le lọ́rùn àwọn ènìyàn kan bí kọ́là aṣọ tí a fi sítáàṣì sí jù. Ó ní, "Ìyá ti kú. Mo ti pàdánù ẹran. Ọmọ méjèèjì ni yóò dúró dípò rẹ̀."

"O ní tèmi ni abo. Ẹnu rẹ ni o fi sọ ọ́."

"Ìgbà tí ìyá wà láàyè nìyẹn. Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Àṣà àwọn tí kò kàwé ni."

"Àwọn tí kò kàwé náà ni kò pa ẹran," ni Reuben wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abo kékeré náà sí abẹ́ apá, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Bọ́láwálé na ọwọ́. Reuben wò ó lójú. Bọ́láwálé fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ kúkú gbé akọ náà lọ, Bàbá," ni Ìbùkún pè é. "Méjèèjì ni ebi ń pa."

"Èyí tí kì í ṣe tèmi, n kò ní í fọwọ́ kàn án." Ìbínú ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì dára. Akọ kékeré náà ń ké tẹ̀ lé e títí dé géètì, ó sì ń gbọ́ ọ.

Ó ti ń dá kẹ̀kẹ́ dúró ní ìkóríta nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré. Olúwakẹ́mi ni, aṣọ ilé lára rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já, akọ náà sì wà láyà rẹ̀ nínú tówẹ́lì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọwọ́ Ọlọ́run gbà á. Ẹ má wo ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ọkọ mi kò ní ọmú."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rí i rín. Ó gbà á.

Pupa kọ̀ wọ́n. Àgùntàn mọ òórùn ọmọ rẹ̀, kì í sì í fi ọmú tọrẹ. Ó fi orí kan abo náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Reuben fún wàrà Pupa fúnra rẹ̀ sí ọwọ́, ó fi pa àwọn àlejò méjèèjì lára láti orí dé ìdí, ó so Pupa mọ́ igi ọgbà ní kúkúrú, ó gbé èèpo ẹ̀wà gbígbẹ sí i níwájú kí ẹnu rẹ̀ lè níṣẹ́, ó sì ń ti ọmọ sí ọmú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ ni ó ń ṣe é. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìyá Àánú wá wò ó, ó ní, "Bàbá Stephen, ẹ̀yin ni ìyá ìbejì báyìí." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé èèpo wá fúnra rẹ̀, tí ó ti sẹ́ omi rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bọ́láwálé tẹ̀ ẹ́ láago. Kò kí i.

"N óò rán ọkọ̀ wá ní Sátidé. Kí wọ́n kó gbogbo àgùntàn mi. Mo ti rí ẹni tí yóò máa sìn wọ́n ní Àkúrẹ́, ẹni tí ó kàwé."

Ohun tí ó wá sí ẹnu Reuben ni "Wá kó wọn." Ó dùn ún lẹ́nu. Ó ti gbé e dé eyín. Ọdún mélòó ni ó ti ń wá ọjọ́ tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́ran kan! Ṣùgbọ́n abo kékeré náà wà lábẹ́ Pupa, ó ń fi orí gbá ọmú, ìrù rẹ̀ ń mì. Bí Pupa bá lọ ní Sátidé, abo náà kò ní í rí ọjọ́ Ìsinmi kejì.

"Bọ́láwálé, gbọ́ mi," ni ó wí, ó sì rọra ń sọ ọ́, nítorí bí ó bá pariwo, ẹran yóò ta. "Pupa kò kúrò níbí títí ọmọ mi yóò fi já ọmú. Oṣù méjì. Ọmọ tìrẹ náà ń mu níbẹ̀. Èèpo ẹ̀wà ni wọn yóò jẹ, lójoojúmọ́. Bí o bá rán ọkọ̀ wá kí ó tó di ìgbà náà, èmi ni yóò bá ní ẹnu ọgbà. Lẹ́yìn oṣù méjì, wá kó gbogbo ohun tí ó jẹ́ tìrẹ, kí o má sì gbé ẹran fún mi sìn mọ́ láyé."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń lé mi ni?"

"Lẹ́yìn oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pa fóònù. Pupa ti jẹ èèpo tán, ó sì ti ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ta ọmọ náà dànù. Reuben fi ọwọ́ méjèèjì di etí Pupa mú, ó fi eékún tì í mọ́ ọgbà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ń mí gulegule, títí ọmọ fi yó.